Bí A Ṣe Ń De Jẹnẹrétọ̀ Mọ́ Ilé Onítáyà Tí Ọkọ̀ Ń Fà

Òṣogbo níbí ni wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà. Ilé ìdarí àpapọ̀ náà wà láàárín wa, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń ṣọ́ ọ, síbẹ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ ní Ọláìyá mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ni yóò mú kí fíríìsà òun tutù. Bí ọ̀rọ̀ ilé tó ní mítà ṣe rí nìyẹn, ká má tíì sọ ti ilé onítáyà tí kò sí òpó iná tó ń dúró dè é níbi tó bá lọ.

Ohun tí mo ń pè ní ilé onítáyà ni àpótí ńlá olórùlé tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Ó lè jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tàbí ìlú Òyìnbó, tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú. Ó sì lè jẹ́ èyí tí àwọn ajórin wa rọ fún olóúnjẹ, oníwàásù, tàbí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ ìlera lọ sí abúlé. Ìlànà kan náà ló wà fún gbogbo wọn. Ẹni tó lè mú irinṣẹ́ dání lè ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Apá tó jẹ́ ti oníná, ẹ jẹ́ kí oníná ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó yẹ kó ṣe kí ẹ tó pè é.

Ibi tí yóò wà

Iye kVA, ìyẹn ìwọ̀n agbára jẹnẹrétọ̀, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èmi, ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló ń yan ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa wà. Àyè tó ṣófo kọ́, ìbẹ̀rù olè sì kọ́.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì carbon monoxide nínú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn tí imú wa ń gbọ́, ti epo tí kò jó tán ni, kì í ṣe tirẹ̀. Tó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, á gba àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ tí à ń mí jókòó sí, èèyàn á máa mí, ara kò sì ní rí nǹkan kan lò. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, ara á rọ. Ọ̀pọ̀ á rò pé ibà ló ń bọ̀, wọ́n á ní kí àwọn lọ sùn díẹ̀. Ẹni tó ti sùn kó tó bẹ̀rẹ̀ kì í tilẹ̀ mọ̀. A ti gbọ́ ohun tí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé wọ bàráńdà nítorí olè ń ṣe fún ìdílé nínú ilé ńlá. Afẹ́fẹ́ inú ilé onítáyà kò tó ìdá mẹ́wàá ti ilé bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í pẹ́ rárá níbẹ̀.

Ibi mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí. Àwọn kan á gbé e sí abẹ́ ibùsùn tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á lu ògiri kí ẹnu sàlẹ́ńsà lè yọ síta. Ẹ má ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ tí à ń rà lọ́jà, èyí tó wà ní gbangba nínú férémù irin àti èyí tí wọ́n fi ike bò lára, ìta ni wọ́n ṣe gbogbo wọn fún. Èéfín ń jò ní oríkèé sàlẹ́ńsà àti lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kì í ṣe ní ẹnu sàlẹ́ńsà nìkan. Ooru rẹ̀ kò sì ní ríbi gbà jáde.

Ibi kejì ni yàrá kékeré tí wọ́n dìídì kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé onítáyà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí síta. Àwọn tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà kan ní i, ẹ sì lè bá jẹnẹrétọ̀ Onan nínú rẹ̀. Irú jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ṣe fún yàrá bẹ́ẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Irin ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tẹ́ inú rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí ihò kankan tó lọ sínú ilé, àní ihò wáyà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ohun tí iná kì í jó dí i. Páìpù sàlẹ́ńsà rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ kọjá etí ara ilé náà pátápátá. Tó bá parí sí abẹ́ ilé, èéfín á máa gba ihò ìsàlẹ̀ ilé wọlé. Tí tiyín bá ti ní yàrá yìí, tí Onan inú rẹ̀ sì ti kú, ẹ má rò pé ẹ ó kàn ti Elepaq tàbí Firman bọ ibẹ̀.

Ibi kẹta ni mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn: iwájú, lórí irin ọrùn tó so ilé mọ́ ọkọ̀, nínú àgò irin tó ní ojú ihò. Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ máa gùn dé ibi tí ẹ ń lọ. Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, tó jẹ́ pé ojú fèrèsé ọjà nìkan ni ẹ ti ń ta nǹkan láti ìta, ó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé iwájú ní títì. Tí èèyàn bá wà nínú ilé, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ gbé e jìnnà tó mítà 6 ó kéré tán, kí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú síbòmíràn. Tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ pa á. Bátìrì àti ínvátà kékeré tó gba agbára lọ́sàn-án lè gbé fáànù méjì àti iná títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Iye iná tí ẹ nílò

Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó máa lo iná pẹ̀lú wáàtì tó wà lára àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀. Ká ní olóúnjẹ kan fẹ́ máa dúró nítòsí Freedom Park láti ọ̀sán di alẹ́. Fíríìsà kékeré jẹ́ wáàtì 150, bùlẹ́ńdà 500, fáànù méjì 120, gílóòbù LED mẹ́fà 60, POS àti fóònù àti rédíò 100. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 930.

Iye yìí kò tíì pé. Ohunkóhun tó bá ní mọ́tò nínú máa ń fa iná gan-an nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Fíríìsà wáàtì 150 yẹn lè fa 600 fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó rọlẹ̀, ìyẹn 450 tó yẹ ká fi kún un. Ó di 1,380. Kò sì dáa kí jẹnẹrétọ̀ máa gbé ju ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ lọ fún wákàtí gígùn, nítorí náà ẹ fi 0.8 pín in: 1,725 wáàtì. Láti mọ iye wáàtì tó wà nínú kVA, ẹ fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀. 2.5kVA jẹ́ 2,000 wáàtì, ó tó olóúnjẹ wa.

Ẹ fura sí nọ́ńbà ńlá tó wà lára páálí. Èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà, agbára tó lè sá dé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “rated” sí lára àwo kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ni kí ẹ fi ṣírò.

Éésì ló máa ń da gbogbo ìṣírò yìí rú. Éésì 1hp ń lo bíi 800 wáàtì tó bá ti ń lọ, ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe oní-ínvátà, ó lè fa ju 2,000 lọ nígbà tó bá ń gbéra. Ẹni tó bá ń fẹ́ éésì àti fíríìsà pọ̀, kó má wò ìsàlẹ̀ 5kVA. Tí kò bá sí éésì, ẹ má tóbi jù. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jẹnẹrétọ̀ tó ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ ti di ẹni tó ń bá yín pín èrè lójoojúmọ́, torí ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń gbé ẹrù kékeré ṣì ń mu epo ẹ́ńjìnnì ńlá.

I-better-pass-my-neighbour ńkọ́, èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀? Gílóòbù, fáànù àti fóònù ni agbára rẹ̀ mọ. Fíríìsà á kàn máa gbọ̀n, kò ní gbéra, ibẹ̀ sì ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti ń jóná.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà

Ẹ bi wọ́n bóyá kọ́pà ni kọ́ìlì rẹ̀ tàbí alumí. Gbogbo wọn á ní kọ́pà ni. Ẹ ní kí wọ́n tú ìdérí ẹ̀yìn, ibi tí kọ́ìlì wà, kí ẹ sì wò ó dáadáa: wọ́n lè kun alumí ní àwọ̀ pupa kó dà bíi kọ́pà, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti gé orí wáyà tàbí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, funfun inú rẹ̀ máa ń yọ. Ẹ tún gbé méjì tí àkọlé wọn jọra wò. Èyí tó ní kọ́pà máa ń wúwo jù.

Jẹnẹrétọ̀ oní-ínvátà tí wọ́n fi ike bò kì í pariwo, iná rẹ̀ kì í sì í jó lọ jó bọ̀, ó sì ń dín epo kù nígbà tí ẹrù bá fúyẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ máa sinmi nínú ilé onítáyà yín, tàbí tí ẹ ń dúró sí àdúgbò tó dákẹ́, òun ni. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ bá bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló mọ ọ̀nà rẹ̀. Fún ẹni tó ń fi í jẹun lójoojúmọ́ ní Òṣogbo, mo fara mọ́ èyí tó wà nínú férémù gbalasa, tí kì í lo epo pípò, tó ní AVR, ẹ̀yà tó ń mú kí fóòtì rẹ̀ dúró sójú kan. Ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ìkóríta lè tú u kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ó sì rí ẹ̀yà rẹ̀ rà.

Ẹ wo ilé onítáyà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú kí ẹ tó sanwó jẹnẹrétọ̀ kankan. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, fóòtì 120 àti 60Hz (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni wọ́n ṣe gbogbo iná inú rẹ̀ fún. Tiwa jẹ́ 230 àti 50Hz. Ẹni tó bá ki jẹnẹrétọ̀ tiwa bọ̀ ọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò á jó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Transformer lè sọ 230 di 120, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50Hz di 60, éésì inú rẹ̀ á máa yí jẹ́jẹ́, á sì máa gbóná. Ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí oníná tú wáyà rẹ̀, kó pààrọ̀ bírékà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ẹ̀rọ sí ti 230. Tòkunbọ̀ ìlú Òyìnbó kò ní wàhálà yìí, 230 àti 50Hz ni tiwọn. Kìkì pé ilẹ̀kùn wọn wà lápá òsì, ẹ̀bá títì sì ni apá òsì jẹ́ fún wọn. Àwa tí a ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún láti oṣù kẹrin ọdún 1972, àárín títì ni ilẹ̀kùn náà máa ṣí sí. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀kadà pọ̀ sí, kó máa wò kó tó gbé ẹsẹ̀.

Àgò irin iwájú

Níbi iṣẹ́ yìí ni kánjúkánjú ti máa ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ so ilé onítáyà mọ́ ọkọ̀ tó máa fà á, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan yí ọkọ̀ náà bí ẹni tó fẹ́ wọ kọ̀rọ̀ tó há jù lọ, kó yí i sọ́tùn-ún tán kó tún yí i sósì. Ẹ wo bí igun ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe ń súnmọ́ iwájú ilé náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí búùtù tán. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé lórí irin ọrùn. Àyè tó ṣẹ́kù láàárín àmì yìí àti ògiri iwájú ilé, òun nìkan ni ẹ ní fún àgò. Ẹ tún yọ ibi tí ọwọ́ jáàkì iwájú ń yí sí kúrò nínú rẹ̀. Mo ti rí àgò tó dára gan-an tí jáàkì kò lè yí mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n jó o tán.

Ìwúwo ló kàn. Jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA wúwo tó kílò 45. Ẹ fi àgò àti epo kún un, ó lè sún mọ́ 70. Fún ilé onítáyà irú ti Amẹ́ríkà àti èyí tí wọ́n rọ níbí, ìwúwo tó ń tẹ orí ìkọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú 100 gbogbo ìwúwo ilé náà. Tó bá kéré sí i, ilé á máa fì sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹ bá sáré díẹ̀ lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Tó bá pọ̀ jù, ìdí ọkọ̀ á rì, iwájú rẹ̀ á fúyẹ́, ọwọ́ ọkọ̀ kò sì ní dáhùn dáadáa. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ní ìwọ̀n tó lè gba ẹrù yìí. Ẹ gbé ẹnu ìkọ́ lé e, kí táyà ilé wà nílẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ sì kà á. Ká ní ilé yín jẹ́ kílò 1,200, tí ìkọ́ sì ka 130. Tí ẹ bá gbé kílò 70 sí iwájú, ó lè di bíi 185, nínú 1,270. Ó ṣì wà nínú ààlà, ṣùgbọ́n ó ti kan òkè. Ẹ sún tánkì omi tàbí fíríìsà lọ sí orí táyà tàbí ẹ̀yìn díẹ̀ kó lè padà wálẹ̀.

Ti ìlú Òyìnbó yàtọ̀ pátápátá. Ìdá 5 sí 7 ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀pọ̀ ìkọ́ wọn kò sì gbà ju kílò 75 sí 100 lọ. Ẹ wo àkọlé tó wà lára ìkọ́ náà. Àgò kílò 70 kò ṣeé dè mọ́ irú ìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ oní-ínvátà tó wúwo bíi kílò 20 sí 25 ni kí ẹ rà, kí ẹ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹ fi ń fà, kí tánkì rẹ̀ ṣófo, tí ẹ bá débẹ̀ kí ẹ gbé e sílẹ̀.

Ní ti rírọ rẹ̀, ángùlù 40 × 40 × 4mm tó fún férémù ìsàlẹ̀. Ajórin á fẹ́ jó o mọ́ irin ọrùn tààrà. Ẹ má gbà. Ooru ìjórin lórí irin tó ń ru gbogbo ilé máa ń sọ ibẹ̀ di ibi tó lè ya, tí ìmì títì bá sì ti ń bá a fà á, ojú ìjórin náà ló kọ́kọ́ máa là. Kí ó fi àwo irin méjì há irin ọrùn lókè àti nísàlẹ̀, kí bóòtù M10 fà wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Báyìí, ẹ kò lu irin ọrùn, ẹ kò jó o, ẹ sì lè tú àgò kúrò tí ẹ bá fẹ́ tà á. Nọ́ọ̀tì tó ní ike nínú ni kí ẹ lò, torí nọ́ọ̀tì lásán máa ń tú fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà wa.

Ẹsẹ̀ rọ́bà tó bá jẹnẹrétọ̀ wá, ẹ má yọ ọ́. Bóòtù máa gba àárín rẹ̀ kọjá sínú férémù, kí rọ́bà máa gba ìmì. Ògiri àgò jẹ́ irin oníhò ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òkè rẹ̀ jẹ́ páànù tó dagun díẹ̀ kí omi máa ṣàn lọ, tó sì jìnnà sí orí tánkì kí ooru lè jáde. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níhà tí sàlẹ́ńsà kọjú sí. Tí ẹ bá tan án, ẹ ṣí i gbalasa. Ṣéènì tó nípọn gba inú férémù jẹnẹrétọ̀ kọjá sára irin ọrùn, pádì sì wà ní ibi tí irinṣẹ́ tí olè fi ń gé irin kò ti lè wọ̀. Nǹkan tí olè bá lè yọ láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹ kò tíì dè é.

Ẹ fi sílíkónù dí gbogbo ihò tó wà lára ògiri iwájú ilé náà, ibi tí wáyà ti wọlé, ibi tí oríkèé ti là, gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ tí ẹ bá pa iná inú lálẹ́.

Epo

Oru tó ń jáde lára epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ sí. Nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí kẹ́ẹ̀gì epo nínú ilé onítáyà, ì báà jẹ́ òfìfo. Ẹ lo kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ṣe fún epo. Kẹ́ẹ̀gì omi máa ń rọ̀, ìdérí rẹ̀ á sì máa jò. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ rìn, ẹ ti kọ́ọ̀kì epo jẹnẹrétọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bu epo, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù fún bíi ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ kan ilẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Olóúnjẹ tó ń lo gáàsì ìdáná ní láti ro èyí lẹ́ẹ̀mejì: gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ má gbé sìlíńdà sí iwájú pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yìn ni kó wà.

Ẹ gbé ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí ẹni tó ń sá jáde ti lè mú un.

Wáyà

Wáyà rọ́bà tó ní mẹ́ta nínú ni kí ẹ lò, èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ okùn wẹ́wẹ́. Wáyà líle tí wọ́n ń ki sínú ògiri ilé kò fara da ìmì títì, á kán nínú awọ rẹ̀ láìjẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA ń gbé bíi áńpíà 11 ní fóòtì 230, 2.5mm² tó o. 5kVA ń gbé bíi 22, ẹ lo 4mm². Kó gùn tó mítà 10, kí ìdí tí ẹ ó fi máa ṣàárẹ̀ láti gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà má ṣe sí.

Lára ògiri ìta, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù onídèérí ti ilé onítáyà sí i, èyí tó gba áńpíà 16, tàbí 32 fún jẹnẹrétọ̀ ńlá. Akọ ló gbọ́dọ̀ wà lára ilé, abo lẹ́nu wáyà tó ń bọ̀ láti jẹnẹrétọ̀. Wáyà tí orí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ akọ, tí àwọn kan ń fi ki iná sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, ojú irin rẹ̀ máa ń ní iná lára nígbà tí ẹ bá yọ apá kan. Ó ti pa oníná pàápàá.

Tí ilé náà á tún máa gba iná NEPA nígbà tí ẹ bá dúró sí àgbàlá, chánjìófà ṣe pàtàkì, èyí tó ń yọ láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) àti nútírà (wáyà tó ń gbé e padà) papọ̀. Láìsí i, iná jẹnẹrétọ̀ lè gba wáyà padà sí òpó, kó lọ bá òṣìṣẹ́ IBEDC tó rò pé kò sí iná lórí okùn.

Ilé onítáyà dúró lórí rọ́bà. Tí láìfù bá bó tó sì kan ara irin rẹ̀, kò sí ohun tó máa sọ fún yín, títí ẹnìkan á fi dúró lórí ilẹ̀ tútù kó sì di ilẹ̀kùn mú. Ní oṣù kẹjọ tí òjò ń rọ̀ tí àwọn èèyàn sì ń rọ́ wọ ìlú fún ọdún Ọ̀ṣun, irú ẹsẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù. Nítorí náà wáyà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan lọ láti ara férémù ilé dé ara jẹnẹrétọ̀, kí RCD 30mA, ẹ̀rọ tó ń já iná lójú ẹsẹ̀ tó bá ń jò, sì wà níwájú gbogbo bírékà.

Ibi tí oníná tó mọṣẹ́ ti máa ń yàtọ̀ sí ẹlòmíràn nìyí. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni nútírà rẹ̀ kò kan wáyà ilẹ̀ rẹ̀ níbì kankan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, iná lè jò sára ilé kí RCD má já. Kí ó pa jẹnẹrétọ̀, kó fi mítà wo àárín nútírà àti wáyà ilẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tí wọn kò bá kan ara wọn, kó so wọ́n pọ̀ ní ìhà jẹnẹrétọ̀ nìkan, kí iná tó dé RCD. Nínú àpótí bírékà ilé onítáyà, wọ́n gbọ́dọ̀ dá wà. Tí oníná yín kò bá lóye ohun tí ẹ ń sọ níbí, ẹ wá ẹlòmíràn.

Níbikíbi tí wáyà bá ti gba irin kọjá, ẹ fi òrùka rọ́bà sí ihò náà, kí ẹ sì dè é mọ́ra ní gbogbo àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà.

Ìdánwò

Ẹ wo ọ́ìlì. Tuntun kì í sábà ní ọ́ìlì nínú láti ilé iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ló sì ti kú ní ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ẹ tan án láìgbé ẹrù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fi mítà wo sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ilé: 220 sí 240. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìdánwò RCD, ó gbọ́dọ̀ já lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tan nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fíríìsà ni kó ṣáájú, torí òun ló ń béèrè jù nígbà tó bá ń gbéra. Tí fóòtì bá wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 200 tí kò sì padà, ìṣírò yín kò tọ̀nà tàbí wáyà yín tín-ín-rín jù.

Ẹ ra ẹ̀rọ agogo carbon monoxide tó ní ojú nọ́ńbà, tó ń lo bátìrì, ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ní ìwọ̀n gíga orí ẹni tó sùn. Àkókò tó máa parí iṣẹ́ wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó. Ẹ jáde, ẹ ti fèrèsé, kí jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wá gba fèrèsé wo nọ́ńbà. 0 ni à ń wá. Tó bá ti ń gòkè, ibì kan wà tí ẹ kò dí, tàbí atẹ́gùn ń gbé èéfín padà. Ẹ tún un ṣe, ẹ tún dán an wò, kí ẹ sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ìhà mìíràn.

Tí agogo bá dún nígbà tí èèyàn wà nínú ilé, jáde ni àkọ́kọ́. Pípa jẹnẹrétọ̀ ni ìkejì. Ẹni tí orí ń fọ́ tàbí tó ń rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi ti UNIOSUN, kí ẹ sì sọ fún wọn pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, kí wọ́n má lọ máa tọ́jú ibà.

Lẹ́yìn tó bá ti ń ṣiṣẹ́

Ọ́ìlì àkọ́kọ́, ẹ dà á nù lẹ́yìn wákàtí 20, torí irin wẹ́wẹ́ tó ń ha kúrò lára ẹ́ńjìnnì tuntun ló kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí 100 sí wákàtí 100. Ẹ lẹ bébà mọ́ inú ilẹ̀kùn àgò kí ẹ máa kọ wákàtí sí i. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa gbọn fíltà afẹ́fẹ́ lóòrèkóòrè, eruku pupa wa kì í jẹ́ kó mí. Ẹ máa fọwọ́ yẹ nọ́ọ̀tì àgò wò lẹ́yìn ìrìn àjò jíjìn.

Ohun tó ń ba ti ilé onítáyà jẹ́ jù ni jíjókòó láìṣiṣẹ́. Epo tó bá dúró pẹ́ nínú kabúrétọ̀ máa ń di gọ́ọ̀mù, ihò tó ń gbé epo kọjá á sì dí. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní lò ó fún oṣù kan, ẹ ti kọ́ọ̀kì epo nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kó jó èyí tó wà nínú kabúrétọ̀ tán kó kú fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ní láti fi epo sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ máa tan án lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún wákàtí kan, pẹ̀lú ẹrù tó tó ìdajì agbára rẹ̀. Gílóòbù méjì kò tó, ó yẹ kó gbóná dáadáa kí omi inú kọ́ìlì lè gbẹ.